Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Bi Wá Léèrè

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kejì

Yìnyín láti òru. Mọ́tò mi kọ̀ kò ṣiṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo pẹ́. Gogoro ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. (Míìsì Lindgren lorúkọ rẹ̀, òun ni olùkọ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Gogoro, torí gíga rẹ̀.) Ojú rẹ̀ ń dán. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fún wa láyè ọmọ méjì: ọmọ á máa kàwé lọ́dọ̀ wa láàárọ̀, á máa kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún lọ́sàn-án, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Somali kan ti gba ọ̀kan. Htee Wah ló fẹ́ fún ní ìkejì.

Htee Wah tiwa, ọmọ ẹ̀yà Karen bíi tèmi. Ọdún méjì péré ló ti kúrò ní àgọ́ ogunléndé ní Thailand, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan nígbà tó dé, ó ti ń ka ìwé tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ń sá fún. Ó ti pé ogún ọdún. Tó bá ti di mọ́kànlélógún, ilé ìwé girama ò ní gbà á mọ́. Kò sí pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá rẹ̀, Pati Dah Soe, wá lọ́sàn-án pẹ̀lú bàtà ilé iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Èmi ni ògbufọ̀. Gogoro ṣàlàyé tán. Pati wolẹ̀ títí, ó ní: "Ẹ ṣeun, Thramu. Ọmọ tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé jù ú lọ pọ̀. Ẹ fún wọn." (Thramu làwọn ará wa ń pe gbogbo olùkọ́ obìnrin, tó fi mọ́ èmi náà.) Htee Wah náà ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn.

Ta ni Karen tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ẹni tó bá ń kánjú gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀kánjúà la ó kà á sí. O máa kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, o máa kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó fẹ́ fún ọ á tún bẹ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, o ó fọwọ́ méjèèjì gbà á.

Mo tú ọ̀rọ̀ Pati gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì pé mò ń fi ọ̀rọ̀ ara mi kún ọ̀rọ̀ àwọn òbí. "Má fi iyọ̀ sí i, má fi ata sí i," ohun tí ọ̀gá àwọn ògbufọ̀ sọ nìyẹn. Ó dáa, mi ò fi nǹkan kan sí i. Gogoro fọwọ́ lé àyà, ó ní òun bọ̀wọ̀ fún ìpinnu wọn.

Ọjọ́rú, 8

Mo fẹ́ sọ fún un. Mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ ápù — aago lù. Inú tún ń bí mi díẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ṣé kò yẹ kó ti mọ̀ wá ni? Á tún bi wọ́n. Ó gbọ́dọ̀ tún bi wọ́n.

Ẹtì, 10

Orí fífọ́. Mo sùn láì jẹun.

Àìkú, 12

Lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ti ń wọ kóòtù, ìyá Htee Wah di apá mi mú. "Thramu, ṣé ara ọ̀gá yín ò yá ni?" Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní àná ni wọ́n pa pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n tẹ́ ẹní tuntun, torí Pati ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀gá mi yóò ráyè wá tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀ wọ́n. "A retí ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwa náà la jẹ ọbẹ̀ ọ̀hún."

Pati gbọ́ wa, ó ní, "Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀, ó ń bọ̀. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn yẹn, ìṣísẹ̀ méjì á gbé e dé ilé wa." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń gbóná. Htee Wah ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ló ń wò.

Ajé, 13

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Gogoro kí aago tó lù. Ó jókòó. Ó ti fi orúkọ ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Wilmer ló gbà á, ọmọ Guatemala.

Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún òun. Mo ní òfin ni. Ó ní òfin inú yàrá nìyẹn, ṣebí a pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òótọ́ ni. Ó pe kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí fóònù, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní méjì ni méjì.

Ìdájọ́ mi ni pé mo gbójú fò ó. Ìbínú kékeré lásán, mo sì pè é ní òfin.

Ìṣẹ́gun, 14

Wilmer gbé búrẹ́dì aládùn tí ìyá rẹ̀ ṣe wá fún gbogbo kíláàsì. Ta ni yóò gba àyè lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Htee Wah ní òun ò jẹ. Wilmer ní kó gbà. Ó ní rárá. Wilmer tún nà án sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ọmọbìnrin yẹn fi gbà á. Kò sẹ́ni tó kọ́ Wilmer ní àṣà wa.

Ọjọ́bọ̀, 16

Htee Wah ò wá.

Àbámẹ́ta, 18

Èmi àti Gogoro lọ sílé wọn. Ẹní tuntun yẹn náà ni wọ́n tẹ́ fún wa. Gogoro tọrọ àforíjì, mo tú u, mo fi iyọ̀ sí i, mo fi ata sí i. Pati ní, "Kò sí nǹkan kan, Thramu. Ẹ jẹun." Gogoro ní òun ti yó. Pati tún bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Gogoro jẹ ẹja tí òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, bóyá nítorí ata.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi Htee Wah bóyá yóò padà wá sílé ìwé. "Bẹ́ẹ̀ ni, Míìsì." Kíá. Inú Gogoro dùn.

A ò tíì dé òpin àdúgbò tí mo ní kó yí mọ́tò padà. Mo ní "bẹ́ẹ̀ ni" tó bá yá tó yẹn lẹ́nu wa, torí kí àlejò lè lọ ní àlàáfíà ni. Kò jiyàn. Ó yí i padà nínú yìnyín.

Ó tún bi í. Htee Wah ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wolẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi Karen sọ ọ́: òun ti ríṣẹ́ nílé iṣẹ́ tòlótòló tí bàbá òun ti ń ṣiṣẹ́, Ìṣẹ́gun ni òun máa bẹ̀rẹ̀. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ mi ni. Ká ní ẹ fẹ́ mi, ẹ ò bá tún béèrè." Gogoro kọjú sí mi, ó ń retí. Èmi ni mo tú u fún un. Mi ò fi nǹkan kan sí i, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò.

Ìṣẹ́gun, 21

Ìsinmi ni àná. Láàárọ̀ yìí, kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Htee Wah kó ìwé ilé ìwé wá. Ó ti nù wọ́n, ó fi ọ̀rá wé wọn. Ó fọwọ́ méjèèjì nà wọ́n sí mi. Mo ní mi ò gbà, kó máa kó wọn lọ sí kíláàsì. Ó tún nà wọ́n. Mo ní rárá, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Ó ní, "Thramu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wọ́n."

Ìgbà kẹta nìyẹn. Mo gbà wọ́n.