Bí Mo Ṣe Fi Ilé Káfíńtà Han Àwọn Oníbàárà Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, alágbàtà ilé,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé àtẹ̀gùn ilé onílé tí ò ń gùn lójoojúmọ́ kò tíì mú orúnkún rẹ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o mú oníbàárà wọ ilé tí wọn ò so ajá mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní tí o bá fẹ́ jẹun kí o jókòó jẹ ẹ́, kí o yé jẹun lórí ìrìn bí ewúrẹ́. Adìẹ rẹ̀ pamọ mẹ́sàn-án, àṣá gbé méjì, ìyókù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Iṣẹ́ tí o rán mi, mo ti jẹ́ ẹ. O ní níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ilé Káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi àti aládùúgbò wa tó dolóògbé, ti wà lọ́wọ́ mi, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ní kí o bá àwọn tà á, kí n máa ṣí i fún ẹni tó bá wá wò ó. N kò kọ́ṣẹ́ alágbàtà rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣílẹ̀kùn.

Fọ́tò tí o gbé sórí fóònù ló kọ́kọ́ rú wa lójú. Yàrá Káfíńtà, tó jẹ́ pé bí èèyàn méjì bá wọ̀ ọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jáde kí èkejì tó lè yí padà, ló wá fẹ̀ bíi pápá ìṣeré. Ìyá rẹ ní kí o jọ̀ọ́ wá fi fóònù yẹn ya yàrá tiwa náà, bóyá àwọn òròmọdìẹ á ráyè. O tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé àdúgbò náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo mọ̀ pé àṣìkọ ni, torí ìwọ náà mọ ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní òdìkejì, ọjọ́ tó bá bàjẹ́ nìkan ló ń dákẹ́. Mo ń bá ọ tún un sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá.

Oníbàárà àkọ́kọ́, inú fóònù ló wà. Mo kí i, ó dáhùn, ó ní kí n gbé òun yí ilé ká. Mo gbé e dé pálọ̀, mo gbé e dé ilé ìdáná, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé balùwẹ̀, mo kọjú ẹ̀ sí àyà mi, torí èèyàn kì í mú àlejò wọ balùwẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní òkùnkùn ni òun ń rí. Mo ní kó ṣe sùúrù, a máa tó jáde. Nígbà tí a ṣe tán, mo rò pé á ti rẹ̀ ẹ́, mo gbé e sórí àga kó sinmi. Ó ní àjà nìkan ni òun ń rí báyìí. Mo ní kó wò ó dáadáa, ibẹ̀ ló ń jò. Bó ṣe lọ nìyẹn, kò tiẹ̀ dágbére. Mo fi àga yẹn sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bóyá á padà.

Ẹnìkejì fi mọ́tò wá. Kò kí ìyá rẹ, kò kí mi, ó yọ nǹkan kan tó ń tan iná pupa, ó ń tàn án sára ògiri, ó ní òun ń wọn ilé. Mo bi í bóyá iná náà mọ ibi tí ikán wà. Ó wá ní òun á wó gbogbo rẹ̀, òun á kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀. Mo bá sọ ti kànga tó máa ń gbẹ, mo sọ ti òrùlé, mo sọ ti ikán. N kò fi irọ́ kankan kún un, mo kàn rọra ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni. O pè mí pé mo lé oníbàárà rẹ lọ. Ọmọ mi, n kò lé e, mọ́tò rẹ̀ ló gbé e lọ.

Ẹnìkẹta ni ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wọlé láti títì. Ó kí ìyá rẹ, ó kí mi. Mo ka gbogbo àbùkù ilé náà fún un, ó ní ilé wo ni kò ní tirẹ̀. Kò béèrè iye yàrá. Ohun tó bi mí ni ibi tí onílé máa ń jókòó sí. Mo fi àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà hàn án, mo ní ọgbọ̀n ọdún ni Káfíńtà fi ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, èmi á jókòó sí tiwa, a óò máa jiyàn lórí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ń jókòó síbẹ̀?" Mo sọ fún un pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa ni mò ń gbà. N kò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Ìyá rẹ pàápàá, ohun tí mo sọ fún un ni pé ilẹ̀kùn iwájú ló há. Ìyá agbẹ̀bí jókòó sórí àkàsọ̀ náà, ó na ẹsẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Owó rẹ̀ kò tó iye tí o kọ. Mo pe àkọ́bí Káfíńtà lókè òkun, mo ṣàlàyé. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ óò máa rí ojú ẹ̀ láràárọ̀, kì í ṣe àwa. Ẹ gba ohun tó bá ní." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá agbẹ̀bí kó dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó síta, ó ní òjò máa rọ̀, mo ní kò lè rọ̀, a jiyàn títí. Ìyá rẹ bi mí ìgbà tí mo tún ilẹ̀kùn iwájú ṣe.

Fọ́ọ̀mù títa ilé tí o fi ránṣẹ́, mo ti kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí ilé náà ṣe wà, mo kọ pé ó wà ní àlàáfíà, ó ń kí wọn. Ìyá rẹ ló fọwọ́ sí ibi ẹlẹ́rìí, torí ojú fèrèsé ló ti rí gbogbo ẹ̀.

Nǹkan kékeré ló kù. Owó alágbàtà tó yẹ kó jẹ́ tìrẹ, mo ti sọ fún ìyá agbẹ̀bí pé ọmọ mi kì í gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó mọ̀ pé o máa ń gbà á. Mo sì ṣèlérí páànù mẹ́ta àti ìṣó fún ibi tó ń jò, tètè fi owó ẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí mo lọ gba èyí tó kọjá, ẹ̀rọ báǹkì yẹn bi mí bóyá nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́, mo ní kó bá mi kí ọ. Ṣé ó jíṣẹ́?

O sọ nígbà tí o wá kẹ́yìn pé ọdún mẹ́ta lo ti ń gbé fúláàtì yẹn, o ò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri rẹ. Ìwọ tí ò ń wá ilé fún gbogbo ayé. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ wọ̀, ire ni yóò pàdé rẹ níbẹ̀. Àárẹ̀ kò ní mú ọ, oníbàárà kò ní wọ́n ọ. Ṣùgbọ́n tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, dìde, lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ, sọ pé bàbá rẹ ló ní kí o wá kí wọn. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n ṣí i fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.