Màámi, Ẹ Ṣí Ìborùn Yín

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbójútó wa, ẹ kú ìrọ́jú láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà kí yín. Mo kí Fúnmi, àbúrò mi tó ń ti àdúgbò Mayfair nílé níbẹ̀ wá wò yín, mo sì kí gbogbo agboolé wa ní Ìrémọ, àtàgbà àtọmọdé. Àlàáfíà ni mo wà, àfi òtútù tó ń mú eyín mi gbá ara wọn.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta gbangba, dípò kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù Fúnmi. Mo mọ̀ yín, mo sì mọ Fúnmi. Bó bá ń kà á fún yín, yóò fo ibi tó bá korò, ẹ̀yin náà á sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó fo nǹkan. Nítorí náà, gbogbo ayé ni mo kọ ọ́ sí. Bí ẹ ò bá kà á, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì á bi yín léèrè. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìfura tèmi ti pọ̀ jù, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi pé ìfura loògùn àgbà.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lókè òkun níbí. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Oòrùn ibí dà bí ẹni tó padà wá mú nǹkan tó gbàgbé: kó tó jókòó, ó ti lọ. Orúkọ tí ẹ sọ mí ti di Ronnie lẹ́nu wọn. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni ara máa ń tù mí, torí ọjọ́ náà ni mo máa ń rí ojú yín lórí fídíò.

Àbí kí n ní mo máa ń rí i tẹ́lẹ̀. Láti bí oṣù mélòó kan, iwájú orí yín nìkan ni mò ń rí. Mo ní kí ẹ sún fóònù sẹ́yìn, ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá dáa, ẹ ti wé ìborùn mọ́ ọrùn dé àgbọ̀n. Mo bèèrè, ẹ ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ wo, Màámi? Nínú oṣù Karùn-ún? Ohùn yín náà há. Ẹ ní orin tí ẹ kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ní ata ló pá yín lórí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ gbé fóònù fún Fúnmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwáwí yín sínú ìwé, kí n lè mọ ibi tí wọn ò ti bára mu. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀yin àti Fúnmi ń jà. Mo tún rò pé ẹ ti ta oko kòkó tí Bàbá fi sílẹ̀ lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n, tí ẹ ò fẹ́ kí n gbọ́.

Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa níbi iṣẹ́, Margaret lorúkọ rẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀ ẹ́, mo rí àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan níwájú ọrùn rẹ̀, ó là á láti ọ̀tún dé òsì. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fura sí ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Mo ní ọkùnrin yìí ti fẹ́ dúńbú ìyàwó rẹ̀ rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fojú burúkú wo fọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí mo wá fọgbọ́n bi í, màmá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ọkùnrin náà ló gba òun là. Wọ́n jọ ń mu tíì lọ́jọ́ kan ni ọkọ rẹ̀ rí kókó kékeré kan tó ń lọ sókè sódò ní ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Kò dùn ún, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé e kúrò nígbà tí kò tíì rìn jìnnà. Hóró oògùn kan ló ń lò láràárọ̀ láti ìgbà náà, èmi ni mo sì ń fún un báyìí.

Ní ilé tiwa, bí ọrùn bá ti wú, gẹ̀gẹ̀ ni. A ó ní gẹ̀gẹ̀ kì í pani, ṣé ẹ rí Ìyá Àgbà tó gbé tirẹ̀ títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá wa, títí ó fi sú u. Ó ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọ̀fun tó na apá sọ́tùn-ún sósì bíi labalábá, táírọ́ọ̀dì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. Kókó lè yọ lára rẹ̀. Ó ní púpọ̀ nínú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, kí n má lọ fi ẹ̀rù pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀. Èyí tó bá le, tó ń tóbi sí i, tí ohùn há tí kò là mọ́, tí oúnjẹ ń ṣòro láti gbé mì, wọn kì í fi í ṣeré. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, èyí tí wọ́n bá tètè rí ló rọrùn láti wò sàn. Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn yín tó há ni mò ń gbọ́ létí.

Mo pe Fúnmi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo fẹ̀sùn kàn án, mo ní ọ̀dàlẹ̀ ni, mo ní kó sọ ohun tó ń bò fún mi. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ṣebí òun ti sọ fún mi, ṣebí èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gbó. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n lọ wo wọ́sáàpù mi.

Mo lọ wò ó. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, Fúnmi kọ̀wé sí mi láìfi àmì ohùn kankan sí i, bí gbogbo wa ti ń ṣe: "Koko Mama ti n tobi si i o, ki ni ka se?" Kókó ló kọ. Kòkó ni mo kà. Àsìkò kòkó ni, oko Bàbá ló sì wá sí mi lọ́kàn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́, mo fi ìka kan tẹ èsì: "E dupe lowo Olorun. E je ko gbo daadaa, e ma kanju ge e." Mo tún fi àwòrán ẹ̀rín lé e.

Màámi, Fúnmi ní dókítà ti ní kí ẹ wá fún àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ nígbà náà. Ẹ ò lọ, nítorí ọmọ yín tó wà lókè òkun ti sọ̀rọ̀. Fúnmi ní ẹ rò pé bí eéwo ni, tí èèyàn kì í tẹ̀ kó tó gbó. Bó wá ṣe ń tóbi, ẹ fi ìborùn bò ó kí n má baà rí i, kí n má lọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wálé. Ẹ ti sọ fún gbogbo Ìrémọ pé nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò sì tún un ṣe, torí pé ó dùn létí mi. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Arúgbó ni mò ń wẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri, èmi ni ẹlẹ́ṣẹ̀ náà. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Mo ṣì ń fura o. Fúnmi ní ẹ ti gbà láti lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun á wá gbé yín láàárọ̀ kùtù. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ pé ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ parí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Mo mọ irú gbígbà tí ẹ máa ń gbà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbà láti lọ yọ eyín yín lọ́jọ́sí, títí eyín fi fúnra rẹ̀ jábọ́ sínú ẹ̀bà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ nǹkan, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lónìí tí ọ̀nà ṣì wà. Ẹ̀yin ará ilé mìíràn tí ẹ ń ka ìwé oníwèé yìí, ẹ̀yin náà ẹ dúró níwájú díńgí, ẹ mu omi, kí ẹ wo ọ̀fun yín bóyá kókó kan ń bá a lọ sókè sódò.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, Màámi. Kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Kí ohùn yín tún já gaara. Ẹ bá mi kí pásítọ̀ àti àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí àwọn tó ń bá wa tọ́jú oko, ẹ kí ẹni gbogbo tó bá bèèrè mi. Nígbà tí mo ní kí ẹ dúró, ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kan, ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Mo tún ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì báyìí: ẹ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Èmi ni, ọmọ yín,
Adérónkẹ́