Fóònù Méje Nínú Báàgì Mi

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ojú ṣì ń tì mí. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ilé ìwé ní Ìkàrẹ́, ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ wa dúró kí a tó wọ Ọ̀kà, ó ní kí n tú báàgì mi. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ nípa ẹ̀tọ́ ará ìlú! Mo ní òfin ò gbà á láyè láti tú ẹrù mi láìnídìí.

Àfi bí báàgì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ọlọ́pàá tú u, ó bá fóònù méje níbẹ̀. Mo ní ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo ti gbà wọ́n, torí wọ́n ń tẹ̀ wọ́n nígbà tí mò ń kọ́ wọn. Kò gbà, ó ti ń dárúkọ téṣàn.

Ni ọ̀kan nínú àwọn fóònù náà bá tàn, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ọlọ́pàá kà á sókè fún gbogbo ọkọ̀: “Ṣé Ìyá Òfin ti dá fóònù ẹ padà?”

“Màmá, ta ni Ìyá Òfin?”

Mo wo òkè títí. Mo ní èmi ni.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa lọ, Ìyá Òfin. Àmọ́ ṣé àwọn ọmọ yẹn ò ní ẹ̀tọ́ tiwọn ni?”

Òótọ́ ló sọ. Lọ́la ni n óò dá gbogbo ẹ̀ padà. Mo kàn fẹ́ ṣí ọ̀kan tó tàn yẹn ná, kí n mọ ẹni tó sọ mí lórúkọ.