Ọ̀dà Dúdú Ara Bọ́ńpà Bàbá Rẹ

Ìgbòho,
Ọjọ́ Àtìní.

Islamiat Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé n'Ìbàdàn, kó sìn ọ́ dé ibi iṣẹ́ ní Challenge, kó sì sìn ọ́ padà sí yàrá rẹ l'Agbowó. O kú iṣẹ́, o kú òórùn ọ̀dà. Ọkọ̀ olówó tí ò ń kùn kiri yìí, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ìwọ náà kun tìrẹ, àmín. Ara gbogbo wa le, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, akọ kan abo kan, òjò náà sì ti dé, àmọ́ kò tíì rọ̀ tẹ́rùn. Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí màmá ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Fara balẹ̀, màá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ńpà ọkọ̀ bàbá rẹ ni. Nígbà tí o ní o ò ní lè wálé Iléyá wá bá a kùn ún torí iṣẹ́ pọ̀, o ṣàlàyé fún un lórí fóònù bó ṣe máa po ọ̀dà fúnra rẹ̀, pé kó ra dúdú tó ń dán àti dúdú tí kò dán, kó pò wọ́n pọ̀, kó fi tínà là á, kó kọ́kọ́ kùn ún sí ìdérí agolo mílíìkì, kó sì jẹ́ kó gbẹ kó tó dá a lẹ́jọ́, torí kò sí ọ̀dà tútù tí kì í dán. O ní kó má dán bíi kóró iṣin, kó má sì kú bí ìdí ìkòkò, àárín méjèèjì ni kó wà. Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́, àmọ́ bó ṣe kùn ún tán báyìí ló ti tẹjú mọ́ ọn, ó ní ó ti dán jù, ó da èyí tí kò dán sí i, nígbà tó máa fi gbẹ, ó ti di ìdí ìkòkò. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo bu àdín díẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, torí àdín ni mo fi ń pa ẹsẹ̀ mi tó fi ń dán. Ìdérí agolo yẹn kò gbẹ títí di òní, ìyẹ́ adìẹ ló kún orí ẹ̀.

O wá fi fọ́tò bọ́ńpà kan tí o kùn ránṣẹ́, kó lè rí irú dúdú tí ò ń wí. Bàbá rẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńpà kó lè fi wé e, kó tó po ọ̀dà tán, ojú fóònù ti ṣú, ó ní dúdú tí ọmọ òun ń wí gan-an nìyí. Ojú fóònù la fi ń po ọ̀dà títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí Hàrúnà tó ta ọ̀dà fún wa yà kí wa, tó fọwọ́ kan fóònù, ni fọ́tò tún yọ, dúdú ibẹ̀ sì yàtọ̀. Mo bẹ Hàrúnà pé kó jọ̀ọ́ kó dá a padà sí bó ṣe wà. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́ tìẹ nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá, Hàrúnà jókòó ti bàbá rẹ, wọ́n pò ó, wọ́n kùn ún, ó gbẹ, ó sì dáa. Èmi tí gbogbo dúdú jọra lójú mi, mo rí i pé ó dáa. Bàbá rẹ yí i ká, ó ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró sáńpépà ni mo gbọ́, ó ti ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Ó ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀, kí n pè ọ́. O gbé e, o rẹ́rìn-ín, o tún to gbogbo ẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dá ọ lóhùn bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. O ti pa fóònù tìẹ, tirẹ̀ ṣì wà létí.

Nígbà tó tún máa kùn ún tó tún máa ha á, inú bí mi, mo bi í pé ṣé bọ́ńpà yìí ń lọ sílé ọkọ ni. Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́. Ó ní tí bọ́ńpà bá ti dáa, kí la tún fẹ́ máa tìtorí ẹ̀ pe ọmọ. Ó ní tí òun bá pè ọ́ láti kí ọ lásán, wàá ní Bàbá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà, o máa ń dúró.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Inú àpò rẹ̀ ni fóònù ń gbé, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Èmi náà, Àṣàkẹ́, àárò rẹ ń sọ mí. Tí mo bá ń rokà, mo ṣì máa ń ro tìẹ mọ́ ọn, màá wá jókòó, màá máa wò ó.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí wa, a nílò ẹ̀, mi ò ní parọ́, àmọ́ má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Gbé e lọ sí Ìwó Road, kí o fi wọkọ̀ wá. Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ lọ́nà, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní dá ọ dúró, ojú wa á rí ọ láyọ̀, àmín.

Tí o bá dé, má jẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ̀wé. Yóò fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sídìí bọ́ńpà kí o tó bọ́ bàtà. Bó ti wù kó dáa tó, jọ̀ọ́, má sọ pé ó ti dáa. Sọ fún un pé ó ku díẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùtíátù.