Oòrùn Inú Ìgò Ò Lè Rọ́pò Ínhélà Sofiullahi

Kàfáyàt Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Èkó ò fún ẹ lọ́rùn jù? Mo kí ẹ kú ọjà, mo kí ẹ kú wàhálà ẹrù, mo kí ẹ kú àìrójú. Ọlọ́run tó gbé ẹ fò kọjá òkun á gbé ẹ padà wá bá wa ní Sharjah níbí, ọjà tí o rà ní Naif ní Dubai ò ní bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, oníbàárà oníjà ò ní kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ẹ láàárọ̀. Àmín. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà, àfi ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, màá dé orí ẹ̀, má tíì jáyà, ọmọ ẹ ń jẹ búrẹ́dì níwájú mi báyìí, ó sì ń rún un sílẹ̀.

Phoebe ló ń bá mi kọ ọ́, ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń gbé yàrá kejì, tó ń ta bàtà ní Mirdif. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ lòun máa kọ ọ́. O lè máa bèèrè pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ sínú fóònù bí a ti máa ń ṣe. Sofiullahi ọmọ ẹ ló tú àṣírí ẹ. Ó ní bí ọ̀rọ̀ mi bá ti dé, o máa ń tẹ nǹkan kan, ohùn mi á wá máa sáré kó lè tètè tán. Ó ṣe é kí n gbọ́. Àṣàkẹ́, mo gbọ́ ohùn ara mi, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Gbogbo àdúrà tí mo ti ń ṣe fún ẹ látọjọ́ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń sáré dé ọ̀run náà nìyẹn? Abájọ tí díẹ̀ níbẹ̀ ò tíì gbà. Lẹ́tà ò ṣeé tẹ̀ kó sáré. Kazeem tó ń kó aṣọ lọ sí Èkó ló máa mú un wá. Jókòó, kà á.

Làtífù ọkọ ẹ ń kí ẹ. Ó ṣì wà ní Jumeirah Lake Towers níbi tí wọ́n ti ní kó máa ṣọ́ ilé gíga kan. Mi ò mọ olè tó fẹ́ gbé irú ilé yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Nígbà tí o lọ tán, a gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, obìnrin Íńdíà tó ń rọra sọ̀rọ̀, nítorí ikọ́ fée tó ń bá a jà. Wọ́n fún ọmọ ní fèrè kan pé kó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ, kò dún. Wọ́n ní kó tún fẹ́ ẹ, kò dún. Mo ní kí Phoebe sọ fún wọn pé fèrè wọn ti bà jẹ́, kí wọ́n mú òmíràn wá, ṣebí ìlú olówó ni wọ́n pe ibí. Wọ́n ní kì í dún, agbára èémí ọmọ ni wọ́n fi ń wò. Wọ́n wá fún un ní ínhélà, oògùn inú ike kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́nu kí ọmọ fà á bí èémí bá há. Wọ́n tún wá fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, àbọ̀ tí wọ́n sì mú wá ni pé oòrùn ò tó lára ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Nílùú tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ti ń jó èèyàn lọ́wọ́! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rò ó wò. Inú ilé tútù la ti ń bọ́ sínú mọ́tò tútù, ọmọ á ti ibẹ̀ bọ́ sí ilé ìwé tútù, kọ́tìnì wa kì í ṣí. Oòrùn ń wá wa káàkiri, a ò sí nílé fún un. Ohun tí oòrùn máa ń fi sára èèyàn yìí ni wọ́n pè ní fítámínì, wọ́n sì ti rọ ọ́ sínú ìgò kékeré fún wa. Mo fẹ́ fi pa ọmọ lára, torí ara loòrùn ń bà, kì í gba ẹnu wọlé. Phoebe ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ẹnu ni wọ́n ń kán an sí.

Wọ́n tún ní ara ọmọ ò gba ẹ̀pà. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, èèwọ̀ nìyẹn. Mo ní kí Làtífù pe bàbá ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó kó bèèrè ẹni tó bá ẹ̀pà jà nínú wọn. Bàbá ní ẹ̀pà ni wọ́n fi tọ́ òun dàgbà, kí n lọ wádìí ní ilé tiwa ní Ìrágbìjí. Mo wádìí, kò sí. Mo wá gbà pé ara àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ń fúnra ẹ̀ dá èèwọ̀ sílẹ̀, kì í dúró de baba ńlá kankan. A kì í bá èèwọ̀ jiyàn. Ẹ̀pà ò wọ ilé yìí mọ́, bẹ́ẹ̀ o mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀pà tó.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ẹ lórí fóònù, nínú ọ̀rọ̀ tí o mú sáré yẹn. Fítámínì nìkan lo gbọ́ níbẹ̀. O bá ní kí Làtífù ra fítámínì kún fítámínì, olómi ọsàn, olóròóró ẹja, títí dé èyí tí wọ́n ṣe bí ẹranko béárì. Béárì yẹn, mo gbé e pamọ́ títí wọ́n fi bá mi bèèrè lọ́wọ́ áfáà bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí jẹ ẹ́. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí ọmọ. O ní obìnrin kan tí ẹ jọ ń rajà ní Naif ló sọ fún ẹ pé fítámínì lòun fi wo ikọ́ fée ọmọ òun, pé ínhélà máa ń sọ àyà ọmọ di ọ̀lẹ, ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò ní lè fi í sílẹ̀. O ní, Sofi, ọkùnrin ni ẹ́, khalas, ó ti parí, kò sí ínhélà mọ́. Ọmọ sì gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ni atẹ́gùn oníyanrìn bá dé. Ó gòkè wá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, èjìká ẹ̀ ń lọ sókè sódò, ihò ọrùn ẹ̀ ń jìn wọlé, àyà ẹ̀ ń súfèé bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní ínhélà dà? Ó mi orí. Ó ní, Ìyá àgbà, mọ́mì ní khalas. Mo ní mọ́mì ẹ wà l'Ékòó, èmi ni mo wà níbí. Ó ní òun ti mu fítámínì láàárọ̀, ó máa tó ṣiṣẹ́. Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún méje ń dúró de fítámínì bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì, ètè ẹ̀ sì ti ń yí àwọ̀.

Mo fa ínhélà yọ nínú ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rò pé mi ò mọ ibẹ̀, ojú mi ò tíì fọ́. Ó pa ẹnu dé. Ọgbọ́n tán lórí mi, mo bá ti nǹkan náà bọ ẹnu ara mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ó korò, àyà mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo ní, wò mí dáadáa, ṣé mo ti di ọ̀lẹ? Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ibẹ̀ lẹnu ẹ̀ ti ṣí, ni mo bá tì í bọ̀ ọ́. Ó fà á, ó tún fà á. Nígbà tó ṣe, èjìká ẹ̀ balẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá bú sẹ́kún. Mo rò pé àyà ló ń dùn ún. Ó ní rárá, kí n ṣáà má sọ fún mọ́mì pé òun lò ó.

Mo gbé ọ̀rọ̀ padà lọ bá dókítà. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé fítámínì ń wo ikọ́ fée àbí kò wò ó? Ó ní àwọn tó mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀, pé ó jọ pé ó ń ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́, àwọn kan wà tí kò ṣe nǹkan kan fún, pé òun ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ó ní torí pé kò tó lára Sofi ni kó ṣe máa mu ún, ìwọ̀n tí òun kọ ni kó sì mu, kí a má dà á pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi, torí àpọ̀jù ẹ̀ náà ń ṣeni léṣe. Ṣùgbọ́n ní ti ínhélà, kò sí iyàn níbẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ẹni tó bá lè sọ pé òun ò mọ tibí, mo máa ń gbà á gbọ́ bó bá ní òun mọ tọ̀hún.

Èmi náà sì ti ń wo ọmọ yìí látìgbà tí o ti lọ. Ọjọ́ tó mu fítámínì tí obìnrin Sùdáànì ẹnu ọ̀nà kejì sun tùràrí, ó wúkọ́. Ọjọ́ tó mu ún tí wọ́n gbọn kápẹ́ẹ̀tì, ó wúkọ́. Fítámínì dà bí oúnjẹ, ínhélà dà bí omi tí a fi ń paná. Ta ló jẹun yó tán tó wá lọ da omi inú àmù nù, tó ní ilé òun ò lè jóná mọ́? O ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ínhélà ò ní lè fi í sílẹ̀. Jígí tó wà lójú ẹ láti ilé ìwé ńkọ́, ṣé o ti fi í sílẹ̀? Ta ló pè ẹ́ ní ọ̀lẹ? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ẹ sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà ẹ́ kí ọmọ ẹ má di aláìsàn lójú ayé. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tìẹ wà l'Ékòó, tèmi di férémù ilẹ̀kùn mú níwájú mi.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Bí Kazeem bá ń bọ̀, fi gààrí àti irú díẹ̀ rán an. Kí o fowó ránṣẹ́ kí a fi ra ínhélà kejì tó máa wà nínú báàgì ilé ìwé, torí n kì í tẹ̀ lé e dé kíláàsì. Bí owó ò bá tíì sí, má yá a, mo ní díẹ̀ tí mo so mọ́ etí ìró, a lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyókù kì í ṣe owó. Ó ń lo ínhélà báyìí torí pé mò ń dúró tì í, ṣùgbọ́n bó bá ń fà á, ojú ẹnu ọ̀nà ló máa ń wò, bí ẹni tó ń jalè. N ò fẹ́ kó máa mí bí olè. Mo ti sọ̀rọ̀, bàbá ẹ̀ ti sọ̀rọ̀, kò wọ̀ ọ́ létí. Ìwọ lo fẹnu ẹ so ó, fẹnu ẹ tú u. Bí o bá ti ka ibí yìí tán, má dúró kí ọjà tú, pè é, kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ.

Ọlọ́run tó ń fún wa ní èémí tí kò gba owó ò ní jẹ́ kó wọ́n ọmọ tìẹ. Wàá dàgbà, wàá gbó, wàá rí ọjọ́ tí Sofiullahi máa gbé ẹrù ẹ gun òkè, tí á tún máa bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Èmi ni, ìyá tó bí ẹ.