Èmi àti Ìkejì Mi Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ ló ń ṣílẹ̀kùn ilé iṣẹ́ wa báyìí! Gbogbo káàdì òṣìṣẹ́ ló gbà — àfi tèmi. Ẹ̀rọ ní mo ti wà nínú ilé. Ta ló wá dúró síta? Orúkọ ẹni tó ń ya àwòrán ilé ní àjà kejì ló jáde lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi fóònù pè é, ó sọ̀ kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo ti mọ ohun tó fà á. Nọ́ńbà káàdì wa tẹ̀ léra: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ogún fígọ̀ gbáko, èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló yàtọ̀. Èdè tí mo fi kọ ètò náà ò lè gba nọ́ńbà tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kọjá fígọ̀ mẹ́rìndínlógún, ó ń fojú bu ìyókù ni. Ló bá sọ wá di ẹnì kan. Ẹ̀ṣọ́ ti ń pè é ní Ìkejì mi. Mi ò bá a jiyàn.

Ọjọ́rú, 6
Ó tún wá ṣílẹ̀kùn. Aṣọ aláwọ̀ ewé.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo gbìyànjú ọgbọ́n míì. Yéè! Nọ́ńbà wa pọ̀ ju ohun tó lè gbà lọ, gbogbo wọn bá yí bìrí bọ́ sísàlẹ̀ òfo. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀gá ò tó òfo. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé tí kò tíì dáa, òun á gba ẹlòmíì. Mo dá ti tẹ́lẹ̀ padà kíá.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ojútùú dé! Gé nọ́ńbà sí méjì, fígọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ̀rọ yẹ ìkọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Kò sí fífojúbù mọ́. Kí ló wá dé tí mi ò tíì fi sẹ́nu ọ̀nà? Má bi mí. Ta ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ wá? Láàárọ̀ Ìkejì mi ní kí èmi náà tètè dé lọ́jọ́ kan, kó lè jẹ́ èmi ni màá ṣílẹ̀kùn fún òun. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Irọ́ funfun báláú. Mo fẹ́ràn ẹ̀ — ó tán, mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 11
Mo fi sí i. Ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi ò dùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀.

Àfi bó ṣe di ọ̀sán, tí Ìkejì mi yọ sí mi ní ọ́fíìsì. Ó ní láti àárọ̀ lòun ti jókòó ti fóònù, kò sẹ́ni tó pe òun. Ó ní ṣé ilẹ̀kùn nìkan ló ní ẹnu ni?

Mo lẹ́nu! Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ojútùú tí mo jókòó lé lórí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Aago márùn-ún, a jọ jáde. Ẹ̀rọ kà wá: èèyàn méjì.