Ìdérí Tuntun fún Táǹkì Ọkọ̀ Mi

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Ọkọ̀ mi bọ́ lọ́wọ́ àkísà lónìí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbàgbé ìdérí táǹkì sórí ọkọ̀ nílé epo, tí mo sì wà á lọ bẹ́ẹ̀, àkísà ni mo fi ń dí i. Ìyàwó mi ní òun ò ní bá mi lọ sí àsàlátù lọ́la, pé òórùn bẹntiróòlù ti ba híjáàbù òun jẹ́.

Mo ní, "Ọkọ̀ náà wé gèlè ni, Ìyá Rìsí. Àbí ìwọ nìkan ni gèlè yẹ?"

"Bàbá Rìsí, ẹ máa dá lọ."

Kí n máa dá wakọ̀ lọ láti ilé wa ní Bẹyẹrunká? Ta ni n ó wá máa yọ lẹ́nu lọ́nà?

Mo bá lọ ra tuntun ní Ògùnpa. Nígbà tí mo délé, mo fa okùn tó so ìdérí àtijọ́ mọ́ ọkọ̀, tó ti já, yọ, mo ki ti tuntun bọ ihò rẹ̀, mo sì yí ìdérí náà títí ó fi dún ká-ká-ká. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ó ń gbóòórùn rẹ̀ yíká bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja.

"Ìyẹn ti dáa. Ó ku ẹni tó ń wà á."

Mo wọlé lọ fọ epo kúrò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún yọjú síta, ẹní ìkírun rẹ̀ ti wà lórí ìjókòó iwájú.